Níbi tí Títì Pin Sí

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ibi tí títì bá pin sí ni ìrìn àjò tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á kó ara wọn jọ, ọ̀rẹ́ mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọn á sì wà á wọ inú aṣálẹ̀, láàárín òkìtì iyanrìn àti àfonífojì olókùúta, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ní ọjà tí wọ́n fẹ́ lọ tà níbẹ̀. Ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n lọ wò, bí wọn yóò ṣe rí ọ̀nà gbà lórí rẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ní àpèjúwe, nítorí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè lè rò lọ.

Ará Ṣómólú tàbí Bàríga lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí òun. Kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kí ó gba apá Ìlàjẹ ní Bàríga lọ sí etí ọ̀sà, níbi tí wọ́n ti ń já iyanrìn. Àwọn òmùwẹ̀ a máa fi garawa wa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, ọkọ̀ onígi tó ta ìgbòkun a gbé e wá sí èbúté, wọn a sì kó o jọ ní òkìtì-òkìtì de àwọn tí ń kọ́lé. Típà ló ń wá gbé e. Ọ̀dà kò dé ibi tí òkìtì wọ̀nyí wà. Iyanrìn rírọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí wọ́n ti fi dí ẹrẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ wo awakọ̀ típà kan bó ṣe ń wọ ibẹ̀. Kó tó kúrò lórí ilẹ̀ líle, ó ti dúró, ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọ̀nà iwájú wò. Ibi tí bàtà rẹ̀ bá ti rì, kò ní gba ibẹ̀, àfi bí ọmọ ọkọ̀ bá tẹ́ pákó sí i. Jíà kékeré ló máa fi wọlé. Kò ní tẹ iná jù, kò sì ní dúró lágbede méjì. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, kíá ni yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ń fi agbára yí i, ńṣe ni táyà á máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí awakọ̀ yìí ń ṣe ni awakọ̀ aṣálẹ̀ ń ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iyanrìn ti Bàríga kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Sàhárà gùn láti etí Òkun Àtìláńtíìkì títí dé Òkun Pupa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iyanrìn nìkan ni aṣálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sàhárà fẹ̀ tó mílíọ̀nù 9 kìlómítà níbùú-lóròó, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ni iyanrìn bò. Òkúta wẹ́wẹ́, àpáta pẹlẹbẹ àti òkè ló kún ibi tó kù. Fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ, ibi tó súnmọ́ jù lọ tí òkè, àfonífojì àti iyanrìn ti pàdé ni agbègbè Aïr ní àríwá orílẹ̀-èdè Niger. Láti Kánò, ọ̀nà gba Zinder lọ sí Agadez, ìlú àtijọ́ tí mọ́sálásí rẹ̀ ní ilé gogoro alámọ̀ kan tó ga tó mítà 27, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1515. Agadez ni ẹnu ọ̀nà. Àríwá rẹ̀ ni àwọn òkè Aïr wà, ìlà-oòrùn wọn sì ni Ténéré, tí iyanrìn rẹ̀ tẹ́ lọ títí tí ojú kò fi rí òpin rẹ̀.

Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn ipa odò gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní kori wà. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ là fún ọkọ̀ ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ iyanrìn, ẹ̀gbẹ́ wọn méjèèjì jẹ́ òkúta dúdú tàbí pupa tó ga sókè bí ògiri, igi ẹlẹ́gùn-ún sì ń hù ní bèbè wọn nítorí omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Níbi tí omi bá ti súnmọ́ ojú ilẹ̀ dáadáa, bíi ní Timia, àwọn ẹ̀yà Tuareg tó ń gbé ibẹ̀ a máa dá oko ọsàn àti àlùbọ́sà, ẹni tó bá ti rìn láàárín òkúta láti òwúrọ̀ yóò sì bá ewéko tútù pàdé lójijì. Ẹni tó bá lọ jìnnà sí i dé orílẹ̀-èdè Chad yóò rí òkè Ennedi, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní 2016. Ọ̀gbun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Guelta d'Archei. Adágún omi wà nísàlẹ̀ ọ̀gbun náà, àwọn darandaran ń kó ràkúnmí wá mumi níbẹ̀, ọ̀nì mélòó kan sì ṣì ń gbé inú omi náà láàárín aṣálẹ̀.

Báwo ni ọ̀nì ṣe dé aṣálẹ̀? Èsì ìbéèrè yìí náà ló ṣàlàyé bí àwọn ọ̀gbun náà ṣe wáyé. Sàhárà kò fi ìgbà gbogbo gbẹ. Láti nǹkan bí ọdún 11,000 sẹ́yìn títí di nǹkan bí 5,000, òjò ń rọ̀ níbẹ̀ gan-an, odò ń ṣàn, koríko sì bo ilẹ̀. Odò irú ìgbà bẹ́ẹ̀ àti ti àwọn ìgbà òjò tó ti kọjá ṣáájú rẹ̀ ló gé òkúta sísàlẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ gba iṣẹ́ náà ṣe, ó ń fi iyanrìn ha àpáta títí ó fi di ọ̀wọ̀n, ihò àti afárá. Àwọn ọ̀nì náà jẹ́ àṣẹ́kù ìgbà omi. Ní Dabous, àríwá Agadez, ẹ̀rí mìíràn wà lórí àpáta: àwọn ènìyàn àtijọ́ gbẹ́ àgùnfọn méjì sí i, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì ju mítà 5 lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ gbẹ́ ẹranko tí kò rí rí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ gba ibẹ̀ kọjá yẹ kó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ odò àtijọ́ ni òun ń rìn.

Irú ọkọ̀ wo ló yẹ ilẹ̀ báyìí? Ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ ga sókè, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tó sì ní jíà kékeré àrà ọ̀tọ̀ tí yóò jẹ́ kó rìn jẹ́jẹ́ pẹ̀lú agbára ńlá. Land Rover tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1948 àti Land Cruiser tí àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1951 ni wọ́n gbajúmọ̀ jù. Ọkọ̀ Land Rover kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá: àwọn aláṣẹ ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lò ó káàkiri ìgbèríko. Ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò aṣálẹ̀ ṣì fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà púpọ̀ nínú. Mo gbà pé òótọ́ wà nínú èyí, nítorí mẹkáníìkì tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ títì ní Ṣómólú lè tú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ palẹ̀, kó sì tò ó padà láìlo ju sípánà àti etí rẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ bá kú sílẹ̀ ní ibi tí ìlú tó súnmọ́ jù wà ní ìrìn ọjọ́ kan, irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló ń yọni.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ìpalẹ̀mọ́ ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yóò wo rọ́bà rédíétọ̀, béélìtì, bíréèkì, bátìrì àti fílítà tí ń sẹ́ eruku. Ohun tó bá ti gbó ni wọn yóò pààrọ̀, kódà bó bá ṣì lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan sí i ní ìlú. Àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n bá rà ní Ládípọ̀ ní Múṣin, wọn yóò ra ìkejì rẹ̀ dání. Ẹrù tí kò gbọdọ̀ gbélé ni táyà àrọ́pò méjì, jáàkì àti pákó tí yóò jókòó lé kó má bàa rì, ṣọ́bìrì, okùn ìfàkọ̀, irin gígùn tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ táyà, pọ́m̀pù kékeré tó ń fi iná bátìrì ṣiṣẹ́, epo inú kẹ́ẹ̀gì, àpótí oògùn, àti omi. Omi ṣe pàtàkì ju gbogbo wọn lọ. Lítà 5 fún ẹnì kan lójúmọ́ ni ìwọ̀n tó kéré jù tí mo lè gbà, wọn yóò sì tún gbé ti ọjọ́ méjì mìíràn sí i, bí ìrìn náà tilẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ kan péré.

Ọ̀rọ̀ táyà ló yẹ ká fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lórí títì, ẹni tó ń fatẹ́gùn sí táyà yóò fún jíìpù ní 32 tàbí 35 psi, táyà náà yóò sì le dáadáa. Ṣùgbọ́n níbi tí iyanrìn bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò ṣí ìdérí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, wọn yóò fi nǹkan tẹ ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò sì máa jáde ṣìì, títí tí gééjì yóò fi kà 18 tàbí 15. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo táyà náà nísinsìnyí, a óò rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wú díẹ̀, ibi tó fi kan ilẹ̀ sì ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ ràkúnmí ló ṣe rí: ó fẹ̀, ó rọ̀, ó sì pín ìwúwo ara lórí ilẹ̀ púpọ̀ tí iyanrìn kò fi ní gbé e mì. Ọkọ̀ tó ti rì tẹ́lẹ̀ lè jáde wẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í. Àmọ́ ṣá o, ẹni tó bá fi táyà rírọ̀ sáré yóò rí ìjàǹgbá, nítorí táyà bẹ́ẹ̀ á gbóná, ó sì lè yọ kúrò lára irin rẹ̀ bí wọ́n bá yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí pọ́m̀pù fi wà nínú ẹrù. Kí wọ́n tó padà sórí títì, wọ́n gbọ́dọ̀ fatẹ́gùn sí i padà.

Òkìtì iyanrìn ní òfin tirẹ̀. Tààrà ni wọ́n ń gùn ún, tààrà ni wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdábùú ń pe ọkọ̀ láti yí dànù. Ìsáré tó mọ níwọ̀n ló ń gbé ọkọ̀ dé orí òkìtì. Bí agbára bá tán lágbede méjì, kí awakọ̀ má ṣe yí orí ọkọ̀ padà, kí ó fẹ̀yìn rìn ní ipa táyà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Bó bá fẹ́ dúró, níbi tí orí ọkọ̀ ti kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kó dúró sí, kí ìdìde rẹ̀ má bàa nira. Wákàtí náà tún ṣe pàtàkì. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, òtútù òru ṣì wà nínú iyanrìn, ó sì máa ń le díẹ̀. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, iyanrìn á gbóná, á rọ̀, òjìji á sì pòórá, débi pé ojú kò ní mọ ibi tí òkìtì ti já lulẹ̀ lápá kejì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa sinmi nírú àkókò yẹn.

Nínú àfonífojì olókùúta, ọgbọ́n mìíràn ni. Níbẹ̀, ìsáré kò wúlò rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò dúró níwájú ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ ti lè rí i, yóò sì máa fi ọwọ́ darí rẹ̀: òsì díẹ̀, ọ̀tún díẹ̀, dúró. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa darí. Bí ẹni méjì bá ń pàṣẹ, ọkọ̀ yóò forí sọ òkúta. Ẹni tí kò mọ̀ yóò fẹ́ kí òkúta ńlá gba àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọjá lábẹ́ ikùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni pánù ọ́ìlì wà, òkúta yóò sì là á. Táyà ni kó gun òkúta náà, kí ikùn ọkọ̀ lè ga kọjá rẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn ńlá ló wà nínú kí ènìyàn rí ọkọ̀ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òkúta pẹ̀lú sùúrù, nígbà tí ọ̀rẹ́ kan ń fi ọwọ́ lásán darí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá irú ìrìn yìí rìn. Ọkọ̀ méjì ni ó kéré jù, kí ọ̀kan lè fa èkejì. Bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀rẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò níwájú táyà, wọn yóò tẹ́ irin sábẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni wọn yóò tó so okùn. Gbogbo ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí okùn náà, nítorí okùn tó bá já nígbà tó le gan-an lè pa ènìyàn. Bí ọ̀kan bá ń wakọ̀, èkejì ń wo àwòrán ilẹ̀ àti GPS, ẹ̀kẹta ń ṣọ́ omi àti oúnjẹ. Ní ọ̀sán, lábẹ́ igi tàbí òjìji àpáta, ẹni tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, tó sábà máa ń jẹ́ Tuareg, yóò dá iná kékeré, yóò sì po tíì ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti inú ewé kan náà. Ti àkọ́kọ́ á korò, ti ẹ̀ẹ̀kejì á dẹ̀ díẹ̀, ti ẹ̀ẹ̀kẹta á dùn. Kò bójú mu kí àlejò dìde kó tó mu ẹ̀kẹta. Ìsinmi yìí ni ọ̀rẹ́ fi ń ráyè bára wọn sọ̀rọ̀ tí a kì í ráyè sọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó.

Àwọn ènìyàn wa kò gbẹ́yìn nínú ìrìn jíjìn. Ọlábísí Àjàlá gun skútà káàkiri ayé, ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1963, orin Ebenezer Obey sì sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí a fi ń pe ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn ìrìn àjò. Ní 1966, Newton Jibunoh, onímọ̀ ẹ̀rọ nípa ilẹ̀, dá wa ọkọ̀ ìjàpá Volkswagen láti Lọ́ńdọ̀nù gba inú Sàhárà wá sí Èkó. Ọkọ̀ ìjàpá kò ga, ẹsẹ̀ méjì péré ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń yí. Ìrìn yẹn jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí bí aṣálẹ̀ ṣe ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ níhà gúúsù, ó sì dá ẹgbẹ́ FADE sílẹ̀ láti máa gbin igi dí i lọ́nà. Ó tún la Sàhárà kọjá ní 2000. Lójú tèmi, òun ló jẹ èrè aṣálẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn ẹlòmíràn láǹfààní ló bá bọ̀ níbẹ̀. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó láti fi kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi, ọmọbìnrin Yorùbá, wa ọkọ̀ Peugeot 107 kékeré ní ọ̀nà kan náà, ó gbéra ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin. Ọ̀nà etí òkun tí àwọn ti ìsinsìnyí ń gbà ní Mauritania ti ní ọ̀dà. Kí ó tó ní i, etíkun gan-an ni ọkọ̀ ń tọ̀ nígbà tí omi òkun bá fà sẹ́yìn, awakọ̀ tí kò bá sì mọ wákàtí omi yóò pàdánù ọkọ̀ rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà sọ irú ìrìn yìí di ìdíje. Ará Faransé kan, Thierry Sabine, sọnù sínú aṣálẹ̀ Líbíà lórí alùpùpù ní 1977. Lẹ́yìn tí wọ́n rí i, ó dá ìdíje Paris sí Dakar sílẹ̀. Àkọ́kọ́ gbéra ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1978, ó gba Agadez kọjá, ó sì parí ní Dakar ní oṣù Kìíní 1979. Ìdíje náà wà ní Áfíríkà títí di 2007. Wọ́n fagi lé ti 2008 nítorí ààbò, láti 2020 ó sì ti wà ní Saudi Arabia. Èmi kò ka ìdíje kún ohun tí mò ń yìn níhìn-ín. Ẹni tó ń sáré kì í rí àgùnfọn Dabous, kì í sì í mu tíì kẹta.

Ewu tí àìbìkítà awakọ̀ lè fà hàn nínú ọ̀rọ̀ igi Ténéré. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ló dá wà láàárín iyanrìn náà, kò sí igi mìíràn nítòsí fún ju 200 kìlómítà lọ, àwọn arìnrìn-àjò sì ń fi í mọ ọ̀nà. Ní 1973, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan kọlù ú, ó sì wó. Òkú igi náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Niamey, ère onírin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òfin àwọn tó bọ̀wọ̀ fún aṣálẹ̀ ni pé ipa ọkọ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni kí a tọ̀, nítorí ipa táyà lórí ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kì í gun àpáta alágbẹ̀ẹ́, a kì í ṣẹ́ igi tútù dáná, a kì í fi ike omi sílẹ̀. Bákan náà, ìpàgọ́ sínú kori ní àkókò òjò, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, léwu gan-an: òjò lè rọ̀ ní òkè tó jìnnà, kí omi sì ya lu àwọn tí kò rí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run.

Nípa ààbò, àsìkò yìí kò dára. Ogun àti ìjínigbé ti jẹ́ kí Aïr àti apá púpọ̀ nínú Sàhárà di ibi tí kò yẹ kí àlejò lọ láìgba àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́. Àwọn afọ̀nàhàn Agadez, tí owó àlejò fi ń bọ́ ilé wọn, ló jìyà rẹ̀ jù. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n yìí láti Ṣómólú tàbí Bàríga lè bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ọ̀nà oníyanrìn apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà, kí wọ́n mọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń rì àti bó ṣe ń jáde. Kí wọ́n yàgò fún etíkun gangan, níbi tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin. Bí wọ́n bá padà dé, kí wọ́n fọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú omi tí kò ní iyọ̀, kí mẹkáníìkì mú gbogbo nọ́ọ̀tì le, kó gbọn fílítà tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì pín owó epo àti àtúnṣe dọ́gba láàárín gbogbo ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀, kì í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan.